Ọjọ́ Tí Alága Yan Kéèkì Fúnra Rẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ alága la fẹ́ sọ, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ̀rọ̀ alága lórí ìdúró, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fìyà jẹ.

Abúlé Hobbleford ò ju ọgọ́ta ilé lọ. Àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn. Síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lionel Budgeworth rí ipò alága méje ṣà jọ níbẹ̀. Òun ni alága ìgbìmọ̀ abúlé, alága aago ṣọ́ọ̀ṣì, alága òdòdó, alága kòtò ojú títì, alága bẹ́ǹṣì tó wà létí adágún pẹ́pẹ́yẹ, alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òjò (ìgbìmọ̀ tí kò tíì rí nǹkan kan ṣe sí òjò títí dòní), àti èyí tó ga ju gbogbo wọn lọ, alága bàsá ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọjọ́ ọjà àti eré tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń kówó jọ lọ́dọọdún.

Ẹ lè bi mí pé báwo lẹnì kan ṣe kó gbogbo èyí jọ tẹ́nì kankan ò pariwo. Àwọn ará Hobbleford ló ní ìwà kan. Wọn ò lè wo èèyàn lójú kí wọ́n ní rárá. Bí ilé rẹ bá ń jó, wọ́n á kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, wọ́n á bẹ̀ ọ́ pé kó o má bínú pé àwọn ń dí ọ lọ́wọ́, wọ́n á wá ní ó jọ pé ooru mú díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ lónìí. Irú ilẹ̀ báyìí, bí olú ni alága ṣe ń hù níbẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn Lionel ń fẹ́. Ó fẹ́ di Alága Títí Ayé. Ìgbìmọ̀ ti gbà fún un, ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó sọ pé rárá. Wọ́n ní tó bá di aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ bàsá, tí ìdíje kéèkì bá ti parí, àlùfáà á gun orí pèpéle, á sì kéde ẹ̀.

Ìdíje kéèkì yìí, tàwọn ọkùnrin ni. Ìwé ìlànà kan náà ni wọ́n ń pín fún gbogbo wọn: ẹyin mẹ́ta, bọ́tà, ṣúgà, fúláwà, jáàmù láàárín, kò gbọdọ̀ sí nǹkan mìíràn. Oníkálùkù á gbé tirẹ̀ wá, á fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé tó ká sí méjì, á tì í sábẹ́ àwo kéèkì, kí onídàájọ́ má baà mọ ẹni tó ni í. Ọdún mẹ́fà léra ni Lionel ti ń gba àwo fàdákà ìdíje náà. Ọdún mẹ́fà náà ló ti ń gba makirofóònù tó ń sọ pé, “Ọwọ́ mi méjèèjì yìí, ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni!” Ọwọ́ Hester ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo abúlé mọ̀. Àwọn ìyàwó tó kù náà ló ń ṣe ti àwọn ọkọ wọn. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà ti tó lọ sílé ìwé, ó ti lè dá sọ̀rọ̀. Lionel ti gbà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú bàsá, ó pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ló fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ajá kan. “Kí Ọlọ́run tó tún ayé ṣe, júujùu ló wà. Kí ló fà á? Kò sí alága ni!”

“Ọ̀rọ̀ ńlá,” ni Ọ̀gbẹ́ni Neville Pym wí, ìyẹn akọ̀wé, ó sì sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí Pym ti ń kọ ọ̀rọ̀ Lionel sílẹ̀. Ó ti kọ ogójì ìwé kún. Kò tíì sẹ́ni tó yá ọ̀kan kà.

“Mo ń gbọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lábúlé,” Lionel ń bá a lọ. “Wọ́n ní àwọn obìnrin ló ń yan kéèkì táwa ọkùnrin ń gbé wá. Mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Pym, kọ ọ́ kó hàn: ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ bá wà lábẹ́ kéèkì tí kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀ ló yan án, yóò kúrò ní gbogbo ipò tó wà lábúlé yìí lójú ẹsẹ̀.”

Gbogbo ọkùnrin tó wà níbẹ̀ tẹjú mọ́ bàtà ara wọn. Wọ́n ti mọ ẹni tó ń yan tiwọn. Pym gan-an, bíírò ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan.

Àlùfáà Clement Yarrow ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ ni, irú ẹni tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àga kó tó jókòó lé e. “Òfin yìí… ó mà nígboyà o, Alága.”

Ní Hobbleford, tí wọ́n bá ní nǹkan rẹ nígboyà, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orí rẹ ti dàrú. Lionel tẹrí ba, ó dúpẹ́.

“Ẹni tí ò bá fara mọ́ ọn, kó sọ̀rọ̀ báyìí.”

Ajá yán. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i.

“Èkejì,” Lionel ní, “ìyàwó Alága Títí Ayé ò lè máa dúró sínú àgọ́ máa bu tíì fún ará oko. Ẹlòmíì á bu tíì lọ́dún yìí. Orí pèpéle ni Hester á jókòó sí.”

Ó dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Ọdún méjìlélógún ni Hester ti ń bu tíì níbi bàsá. Ó mọ ẹni tó ń mu ṣúgà méjì, ó mọ ẹni tí dókítà ní kó má mu ṣúgà, ó sì mọ bó ṣe máa fún onítọ̀hún ní ìdajì kó má baà sunkún. Inú ilé ìdáná ló ti ń bó ànàmọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé wá sọ ọ́ fún un.

“Ẹ ní kí n má bu tíì mọ́?”

“Ìyàwó ẹni ńlá kì í bu tíì, Hester. Orí àga lo máa wà, pẹ̀lú fìlà lórí. Wàá kàn máa mi orí ni.”

“Kí n máa mi orí sí kí ni?”

“Sí ọ̀rọ̀ mi.”

Hester ò bínú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ máa ṣọ́ra fún obìnrin tó yẹ kó bínú tí kò bínú. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́.

“Ó dáa náà. Ọwọ́ tó bá ti ga ju tíì lọ, ó ga ju fúláwà náà lọ nìyẹn. Ta ló wá máa yan kéèkì ẹ?”

Lionel wo ìwé ìlànà tó wà lára ògiri. Kò kà á rí.

“Hester, má ṣeré báyẹn. O mọ̀ pé òfin…”

“Òfin ta ni? Ṣebí ìwọ lo ṣe é. Ìwọ náà lo sì ń pariwo ọwọ́ méjèèjì káàkiri. Ó yá, kó wọn wá. Ìwé ìlànà nìyẹn lára ògiri. Èmi ń lọ sọ́dọ̀ Bàbá Amos, mo fẹ́ bá a tún ilé ṣe.”

Bàbá Amos Dunnock ló ń gbẹ́ sàréè ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló sì ń gé koríko ibẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ti jáde látinú agolo ló ń jẹ.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, Lionel wọ ilé ìdáná bí ẹni tó fẹ́ lọ ṣí afárá. Ó kọ́kọ́ bá fúláwà sọ̀rọ̀, ó sọ ohun tó ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ fún un. Fúláwà fò wọ̀ ọ́ nímú. Ẹyin àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Èkejì wọ inú bàtà rẹ̀. Ó gbé bọ́tà àti ṣúgà sínú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí onígi po ó. Ìwé ní kó po ó títí á fi funfun, kò sì sọ ìgbà tó máa funfun. Lionel po ó. Ó bọ́ kóòtù. Ó bọ́ táì. Òógùn bò ó. Fún wákàtí kan ààbọ̀, Lionel Budgeworth ò sọ̀rọ̀ kankan. Ológbò ilé wá wò ó lẹ́nu ọ̀nà, ó rò pé àìsàn ń ṣe é.

Nígbà tí kéèkì jáde nínú ààrò, apá òsì rẹ̀ ga, apá ọ̀tún rì, bí òrùlé tí ìjì ti jà. Lionel dúró tì í. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó fi ìka kàn án. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ló rántí irú ẹni tóun jẹ́, ojú sì tì í.

Sátidé pé. Àwọsánmà wú bí irùngbọ̀n àgbà. Nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń pa àwọn àgọ́ tó kù lórí pápá ẹ̀yìn ilé àlùfáà, Lionel gbé kéèkì rẹ̀ wọ àgọ́ kéèkì lábẹ́ aṣọ, ó gbé e sórí tábìlì. Mẹ́jọ ni gbogbo kéèkì tó wà níbẹ̀. Ìkan wà láàárín wọn tó tẹ́jú bí omi adágún, àwọ̀ rẹ̀ bíi wúrà, kò sí ilà kankan lórí rẹ̀. Lionel ṣí ìwé abẹ́ rẹ̀ wò. Amos Dunnock.

Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó gbọ́n ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: ọkùnrin tó ń jẹ inú agolo, ta ló yan irú kéèkì yìí fún un? Ṣùgbọ́n ipò alága méje ló wà lórí Lionel, ọpọlọ ò ráyè jókòó. “Kí lẹni tó ń gbẹ́ sàréè fẹ́ fi àwo fàdákà ṣe?” ló sọ fún ara rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ìwé Amos, ó tì í sábẹ́ òrùlé tí ìjì jà. Ó mú tirẹ̀, ó tì í sábẹ́ wúrà. Ó jáde, ó lọ wọ ẹ̀wọ̀n ọrùn tí wọ́n fi ń dá alága mọ̀.

Àṣà ibẹ̀ ni pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bàsá títí ẹni tó ń ṣí i á fi sọ pé ó ti ṣí. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń wá àlejò pàtàkì kan tó máa sọ ọ́ ní gbólóhùn kan. Lọ́dún yìí Lionel pe ara rẹ̀ ní àlejò pàtàkì, ó kí ara rẹ̀ káàbọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ó ráyè wá. Ó ti sọ̀rọ̀ ogún ìṣẹ́jú nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Igba èèyàn ṣí agbòjò. Àwọn ọmọdé tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù lu àgbọn orí igi kí wọ́n lè gba ẹ̀bùn di bọ́ọ̀lù mú, wọ́n tẹjú mọ́ àgbọn, àgbọn náà tẹjú mọ́ wọn. Omi wọ inú fèrè àwọn onífèrè. Kò sẹ́ni tó kúrò lójú kan.

“Òjò yìí,” Lionel kígbe, “ọ̀wọ̀ ló ń bù fún wa!”

Lórí pèpéle, nínú fìlà, Hester mi orí.

Nígbà tó sọ pé bàsá ti ṣí, aago ti lé ní mẹ́ta. Gbogbo èèyàn ya wọ inú àgọ́ kéèkì nítorí pé òun nìkan ni kò jò. Wọ́n gbé àga méjì tọ̀ wọ́n wá síbẹ̀, fún Alága àti ìyàwó rẹ̀.

Ìyáàfin Octavia Crabbe ni onídàájọ́, láti abúlé kejì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń dá kéèkì lẹ́jọ́. Ọkùnrin tó ti lọ sójú ogun rí á máa gbọ̀n tí obìnrin yìí bá yọ ọ̀bẹ. Tí ilà àtẹ onírin tí wọ́n ń gbé kéèkì lé kó lè tutù bá hàn lára kéèkì rẹ, o ti gbé nìyẹn. Ó ti tọ́ gbogbo kéèkì wò kí àwọn èèyàn tó wọlé.

“Ipò kejì,” ó ní, ó nàka sí èyí tó dà bíi wúrà. “Kéèkì yìí ò lábùkù. Mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ọwọ́ tó ṣe é ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.” Ó ṣí ìwé abẹ́ rẹ̀. “Alága Budgeworth.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀. Hester wo kéèkì náà. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ó tún wo kéèkì náà, bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹlòmíì. Lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, Bàbá Amos náà wò ó, ó họ orí. Àwọn méjèèjì ò sọ nǹkan kan. Mo ti sọ ìwà abúlé náà fún yín.

Ipò kejì! Ọrùn Lionel ti pọ́n.

“Ipò kìíní,” Ìyáàfin Crabbe ní, ó sì dúró ti òrùlé tí ìjì jà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ó wọ́, mo rí i. Mo jẹ èèpo ẹyin nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é po bọ́tà yẹn dénú eegun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń jẹ kéèkì àwọn ọkùnrin, èyí nìkan ló dá mi lójú pé ọkùnrin ló ṣe é, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Amos Dunnock!”

Àgọ́ mì tìtì. Ẹ ò rí irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ń gbá Amos lẹ́yìn.

“Amos, o ò sọ fún wa pé o lọ́wọ́ báyìí!”

“Èmi náà ò mọ̀,” ni Amos ń wí.

Ẹ wò ó. Tí Lionel bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù kí aago mẹ́rin lù. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan títí wọ́n á fi sin ín. Ohun tó kù fún un láti ṣe ò ju kó jókòó, kó rẹ́rìn-ín, kó di Alága Títí Ayé.

Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ náà. Òun ló ni í! Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òun gan-an ló ni í, ẹlòmíì ló sì ń gbà á. Ó dìde. Ó já makirofóònù gbà lọ́wọ́ Ìyáàfin Crabbe.

“Irọ́ ni! Èmi ni mo ni kéèkì yẹn!”

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Òjò ń lu òrùlé àgọ́.

“Báwo lo ṣe mọ̀, Lionel?” Hester ló bi í, jẹ́jẹ́, láti orí àga.

“Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Ẹyin mọ́kànlá ni mo fọ́ kí n tó rí mẹ́ta lò! Ẹ yí i padà, ẹ wo abẹ́ ẹ̀, àtàǹpàkò mi ló wọ̀ ọ́ níbẹ̀ yẹn! Ẹ wo ọwọ́ mi, ó bó! Amos ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!”

“Òótọ́ ló sọ,” Amos ní, ara sì tù ú. “Ìyẹn kọ́ ni tèmi. Èyí tó pupa bíi wúrà yẹn ni. Ìyẹn náà kì í ṣe tèmi gan-an, ẹ má bínú. Màdámù Hester ló bá mi yan án.”

Ìyáàfin Crabbe wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ kejì. “Kí ló wá gbé orúkọ Alága débẹ̀?”

Lionel wo makirofóònù bí ẹni pé òun ló tú àṣírí rẹ̀ síta.

Àlùfáà Clement sún síwájú. Ojú rẹ̀ ti funfun. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Òfin wà. Wọ́n ní orúkọ ẹni tó bá wà lábẹ́ kéèkì tí kì í ṣe ọwọ́ ara rẹ̀…” Ó tẹrí ba fún Lionel. “Alága, ó dùn mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ n lè dúró síbí dá yín nìkan lẹ́bi. Màmá mi ló yan tèmi. Ó fi mọ́tò gbé e wá.”

“Mummy Clement kẹ̀!” ẹnì kan kígbe lẹ́yìn.

Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń já nìyẹn, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Ọkùnrin tó ń lu aago ní ìyàwó òun ni, olórí àwọn onífèrè náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn arákùnrin méjì tó wà nínú ìgbìmọ̀ òjò ní àbúrò àwọn obìnrin ni, òun kan náà ló ṣe méjèèjì. Wọ́n wo Pym. Pym di ìwé rẹ̀.

“Mi ò kọ èyí sílẹ̀,” ó ní. “Ìyàwó mi ni.”

Kí aago mẹ́rin tó lù, kò ku ọkùnrin kan tó ní ipò lábúlé Hobbleford. Ìyáàfin Crabbe ló ṣírò ẹ̀ fún wọn: nínú ọkùnrin mẹ́jọ, ẹnì kan ṣoṣo ló pa òfin mọ́, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan kéèkì. Ẹnì kan náà ló wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

“Tó bá fi í sílẹ̀ níbi tó wà ńkọ́?” Amos bi í.

“Ìbá ti jẹ́ alága gbogbo yín títí tẹ́ ẹ fi máa kú.”

Àwọn èèyàn ronú sí i díẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá pàtẹ́wọ́ fún Lionel tọkàntọkàn.

Ìyáàfin Crabbe gbé àwo fàdákà fún un, ó ní kéèkì ni kéèkì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ makirofóònù. Àlùfáà gba ẹ̀wọ̀n lọ́rùn rẹ̀, ó tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ìkọ́ ẹ̀wọ̀n náà tó há. Wọ́n bi Hester bóyá á gba ipò náà. Ó ní kí wọ́n má bínú, tíì ń tutù. Ó bọ́ fìlà, ó sáré la òjò kọjá lọ sí àgọ́ kejì, níbi tí ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ti bu ṣúgà fún gbogbo àwọn tí dókítà kìlọ̀ fún. Ipò méjèèje wà lófìfo. Aago lù bó ṣe yẹ. Kòtò ojú títì ń gbé omi lọ bó ṣe ń gbé e lọ látijọ́, kò mọ̀ pé òun ò ní alága mọ́.

Lionel tò sórí ìlà àwọn tó ń dúró de tíì. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló wà níwájú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó bọ́ síwájú. Àwo fàdákà wà lábẹ́ apá rẹ̀, òjò ti kún inú rẹ̀ dé ìdajì. Nígbà tó kàn án, Hester ò gbójú sókè. Ó bu tíì, ó fi mílíìkì sí i, ó tì í sí iwájú rẹ̀.

“Ẹyin mọ́kànlá, Lionel?”

“Mọ́kànlá.”

Hester wò ó wàyí. Fúláwà díẹ̀ ṣì wà nínú irun ìpéǹpéjú rẹ̀ láti àná, kò tíì rí i.

“Ó dùn,” ó ní. “Mo gé díẹ̀ jẹ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń jà. Ṣé wàá tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀?”

Lionel fa èémí sínú. Ó gbé àyà sókè. Ó ní ohun tó pọ̀ láti sọ nípa rẹ̀, nípa bọ́tà àti ọkàn ọmọ ènìyàn, nípa ohun tí ọkùnrin máa ń rí nínú abọ́ tó bá pò ó pẹ́. Ó la ẹnu.

Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá àgbà kan tó mú ife lọ́wọ́ húkọ́. Kò húkọ́ gan-an, ó kàn ṣe “ẹ̀hẹn” kékeré kan. Ṣùgbọ́n ní Hobbleford, èèyàn lè dá òfin dúró, ó lè dá òjò dúró tó bá lágbára, kò sẹ́ni tó lè dá ìlà tíì dúró.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Lionel wí. Ó gbé tíì rẹ̀, ó sì sún fún ẹni tó kàn.